Ìtàkùn tí Fàsílátù Gbìn sí Oko Kòkó

Nígbà tí àrùn wọ oko kòkó Mùkáílà lọ́nà Olúpọ̀nnà, ní nǹkan bí ọdún 1954, kò ku igi kan tó níláárí. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin náà ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìwó, tí kò bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ ni kò lè jókòó. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń wá ìtàkùn kàn-ìn-kàn-ìn nínú igbó ti ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n máa lù tà fún àwọn tó fẹ́ fi wẹ̀. Ó bá hú gbòǹgbò rẹ̀ wá, ó gbìn ín sí ìdí àwọn òkú igi kòkó. Ọdún kan àbọ̀ ló fi tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ti kírun tán, ẹnì kan pe Mùkáílà ní "ọkọ oníkàn-ìn-kàn-ìn." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Oko ló gbà lọ tààrà. Ó fa àdá yọ, ó gé ìtàkùn náà palẹ̀ pátá.

"Mo ti gé e," ó wí nígbà tó délé. "Wọ́n fi mí ṣẹlẹ́yà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fàsílátù gbé olùgbóńgbó, ó kọrí sóko. Mùkáílà ń tẹ̀lé e lókèèrè. Ó ń wò ó bó ti ń ṣa ìtàkùn náà jọ, tó ń lù ú lórí òkúta, tó ń fọ̀ ọ́ lódò, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Fàsílátù, bú mi."

"Bí mo bá bú yín, ṣé yóò padà sórí igi ni? Ẹ jẹ́ kí n lù ú kó tó gbẹ."

Omi bọ́ lójú Mùkáílà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó gba olùgbóńgbó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò dìde títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìtàkùn náà kò tíì gbó, kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ rọ̀ jù. Àwọn ìyálọ́mọ nìkan ló rà á, kí wọ́n lè fi wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò kú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó rúwé. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ilé-Ogbó fi ń wá tọrọ gbòǹgbò lọ́wọ́ tọkọtaya náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè tán nínú Fàsílátù o. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá kó tó tún bá ọkọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lójú ọ̀nà oko.