Múpò Wọ Aṣọ Ọmọge

Lábúlé àwọn ẹ̀yà Karẹn tó wà nínú igbó ìjọba lórí òkè Inthanon, ọmọge tí kò tíì lọ́kọ nìkan ló ń wọ aṣọ funfun gígùn. Ọjọ́ tó bá lọ́kọ ló bọ́ ọ sílẹ̀ nìyẹn. Múpò sì ti sin ọkọ, ó ti rí ọmọ-ọmọ, eyín ẹnu rẹ̀ sì ti dín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu ṣì bo oko ìrẹsì nígbà tí àwọn ayafọ́tò dé láti Bangkok. Wọ́n ń wá wúńdíá tí yóò dúró níwájú omi tó ń já láti orí àpáta. Gbogbo ọmọge sì ti lọ sóko.

"Ẹ dúró dè mí," ni Múpò wí. Ó wọlé, ó gbé aṣọ funfun ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ̀, ó fi òdòdó pupa há etí, ó sì ń tijú jáde.

Ọ̀gá wọn wò ó títí. "Màmá, wúńdíá là ń wá."

"Èmi náà nìyí. Òjò ló kàn pa mí díẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n sì yà á. Gbogbo abúlé fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Sowá dé, bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń da ẹfọ̀n lódìkejì odò. Ó ti ya irun, ó wọ ẹ̀wù pupa tuntun, ó sì jókòó ti ààrò. Ìyá Gédi ló máa ń pe Múpò tẹ́lẹ̀.

"Múpò," ló wí lọ́tẹ̀ yìí, "mo gbọ́ pé o ti padà di ọmọge."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Aṣọ ẹ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣebí obìnrin ló ń ránṣẹ́ tọrọ ọkùnrin? Mo jókòó sílé títí, n ò rí alárinà. Mo ní bóyá ó ṣìnà ni."

Múpò tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́ sáré wá ife. Ó bu tíì fún un.

"Ṣé ọkùnrin tó ń hanrun bíi tìẹ ni wọ́n ń tọrọ? Ibí yìí la ti ń gbọ́ ọ."

"Ó dáa tó o ń gbọ́ ọ. Kò ní í ṣàjèjì sí ẹ."

Múpò yíjú sí iná kó má baà rẹ́rìn-ín. "Máa lọ sílé ẹ, Sowá. Tí alárinà bá délé ẹ tí kò bá ẹ, ẹ̀bi ta ni?"

Sowá ò mu tíì náà tán. Bó ṣe ń sáré sọdá afárá, Múpò ti ń pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó wá gbé ọtí ìrẹsì tí alárinà fi ń tọrọ ọkọ. Àbúrò ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Múpò ní kó máa lọ, ilẹ̀ á mọ́ bá a lọ́hùn-ún.