Gbajúgbajà Ilé Búrẹ́dì

Kanlẹ̀ ni wọ́n ń pe akọ̀ròyìn náà níbi iṣẹ́, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu. Iná kì í jó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó jó kanlẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá tó dúró síwájú báǹkì, ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n máa ń dà lójú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì. Olóòtú fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí. Àgbà kan nínú yàrá wọn ti rán an létí rí pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kanlẹ̀ ní ẹyin tí kò bá fọ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ rí i dín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnìkan pè é lórí fóònù pé òun rí èéfín nílé búrẹ́dì kan ní òpópónà ilé ìfìwéránṣẹ́. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà, èkejì sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kanlẹ̀ kò béèrè èwo ni. Ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kótópó náà ni, ó sì jókòó, ó kọ ọ́ pé gbajúgbajà ilé búrẹ́dì òpópónà náà ti jó kanlẹ̀.

Ìlú kà á. Ta ni kò mọ ẹni tó gbajúmọ̀ ní òpópónà yẹn? Kí oòrùn tó ga lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹbí ti ń wá bá Àǹtí kẹ́dùn, búrẹ́dì sì kún pẹpẹ láìsí ẹni tó rà á. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ti rán awakọ̀ wọn síbòmíràn. Bí ìyẹn bá lọ pátápátá, àfi kí Àǹtí dá méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé tíréè búrẹ́dì, ó di ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì Kanlẹ̀.

“Ọkọ mi, wọ́n ní mo ti jó. Mo ní kí n gbé eérú mi wá, kẹ́ ẹ fi mu tíì.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kanlẹ̀ gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣàlàyé pé ilé búrẹ́dì kejì lòun ní lọ́kàn.

“Kí ló jó níbẹ̀?”

Kò mọ̀.

“Ṣé o débẹ̀ ni?”

Kò débẹ̀. Àǹtí wá bi í pé níbo ló ti rí gbajúgbajà. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe máa ń kọ ọ́ ni. Ojú tì í gan-an, nítorí búrẹ́dì obìnrin yìí ló jẹ dàgbà.

Ó fa bébà, ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe pé ilé búrẹ́dì olókìkí ti jí dìde láti inú eérú. Àǹtí ń yọjú wò ó.

“Mi ò kú, kí ni mo ń jí sí? Ìròyìn ò tó àfojúbà. Dìde, lọ wò ó.”

Ó lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kótópó, kọ́tìnnì kan ṣoṣo ló jó. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ín yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni rí ẹbí. Ó ti gé ìròyìn náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, nítorí kò sẹ́ni tó pe ilé rẹ̀ ní gbajúgbajà rí. Ti jíjó kanlẹ̀ kò kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé kọ́tìnnì kan jó ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kékeré kan, pé nǹkan kan kò ṣe ilé búrẹ́dì Àǹtí. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, awakọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti padà dé, àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì sì ń kó búrẹ́dì fún un.

Kanlẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń bá wọn gbé e. Àǹtí ka ìwé náà tán, ó wo Kanlẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

“Èmi tí mo gbajúmọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? O ò kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí,” ni Kanlẹ̀ wí, ó sì fa bírò yọ. “Ta ni mo lè lọ bi kí n tó kọ ọ́?”