Bíréèkì Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ẹ má dá mi lẹ́bi bí mo bá ń kanra. Ẹni tó bá gbé ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta ló lè mọ ohun tójú mi rí.

Ogún ọdún ló fi kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà lórílẹ̀-èdè wa nílé. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà wà lára àwọn tó kọ́. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń sọ pé ọwọ́ mi ò tíì dá, àṣé ọwọ́ mi ti dá tipẹ́, òun ni kò fẹ́ kí n lọ. Bíréèkì méjì ni mọ́tò tó fi ń kọ́ wa ní, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀.

A wá kó dé orílẹ̀-èdè tuntun yìí, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ní kí gbogbo àlejò tún ìdánwò ṣe. Èmi yege lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé kò mọ mọ́tò wà o, ẹnu ni. Lẹ́ẹ̀kíní, ó sọ fún ọkùnrin tó ń dán an wò pé kó jókòó dáadáa, kó yéé kọ̀wé nígbà tí mọ́tò ń lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bi ọkùnrin náà pé kí ló rí nínú dígí, ó sì ní kó tún un wò.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò kẹta. Bí kò bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀, ilé ẹ̀kọ́ mọ́tò tó ṣèlérí iṣẹ́ fún un kò sì ní dúró dè é. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ìwé pupa tó ń fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wa mọ́tò, tóun fọwọ́ ara òun lẹ̀ mọ́ mọ́tò àìmọye èèyàn, òun ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́tò tóun ń wà láé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ni mo bá ní kò burú, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà etí òkun lọ simi fún ọjọ́ méjì. Mo ki ìwé pupa náà méjì bọ búùtù, lábẹ́ agbọ̀n oúnjẹ.

Wọ́n ní ọ̀nà náà lẹ́wà. Mi ò mọ̀. Òkè wà lápá kan, omi wà lápá kejì, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè wò ó? Bí a bá dé kọ́nà, ẹsẹ̀ Tíṣà á tẹ ilẹ̀ mọ́tò, gbà. Bí ẹyẹ bá fò kọjá, gbà. Bíréèkì tí kò sí níbẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ń bú mi. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ nítorí akàn kan tó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ lókèèrè, orí mi gbóná. Mo yà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan létí iyanrìn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó bọ́ sídìí mọ́tò, èmi ni mo fẹ́ dán an wò.

Mo mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n kọ́tìnnì níbi tí mo ti ń ránṣọ, mo fajú ro bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà wa mọ́tò yípo, ó mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rekete. Ó kù díẹ̀ kó parí ló yíjú sí mi.

"Ìyá Ìbejì, bẹ́líìtì rẹ ti lọ́."

"Ẹ ti fìdí rẹmi."

A tún un ṣe. Ó ní bí mo ṣe di bírò mú yẹn léwu bí mọ́tò bá dúró lójijì. Mo ní ó tún fìdí rẹmi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti lanu, ó rí ojú mi, ó pa á dé, ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó pa mọ́tò.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó ní. "Bí mo bá dákẹ́ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò mọ iṣẹ́ kankan mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ní ta lòun fẹ́ sọ fún, akẹ́kọ̀ọ́ òun? Mo gbá a léjìká.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí búùtù. Ó ti mọ̀ tipẹ́ pé ìwé pupa náà wà níbẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù nù wọ́n, ó lẹ ọ̀kan síwájú, ó lẹ ọ̀kan sẹ́yìn, ó sún sẹ́yìn wò ó bóyá ó gún. Lẹ́yìn náà ló wa mọ́tò jáde sí títì.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí òkun. Omi ń dán, àwọn ẹyẹ funfun ń já sínú rẹ̀ ní méjìméjì, Tíṣà ò sì sọ nǹkan kan. Mo bọ́ bàtà mi, mo ń gbádùn ara mi. Bí a ṣe yọ sí kọ́nà kan báyìí, tírélà ńlá kan ń bọ̀ níwájú. Tíṣà rọra dín eré kù, ó fún un láyè, tírélà náà sì kọjá.

Kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "kí lò ń tẹ̀?"

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Mo sọ fún un pé ó tún ti fìdí rẹmi, torí ó sọ̀rọ̀. Ó ní kò burú, ó di ọjọ́ Ajé.