Kóró Lẹ́nu Gatyo

Gatyo ṣì wà láyé nígbà náà, ìyá rẹ̀ náà sì wà tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn. Mincho, ọkọ Rada tó ń bá Gatyo ṣiṣẹ́, nìkan ló ti lọ. Ní Vratsa, ìlú wọn, bí èèyàn bá kú, wọ́n á tẹ ìwé ìkéde tó ní fọ́tò rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn àti òpó iná. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń lẹ òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù Gatyo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, Rada ló ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni fọ́tò àwọn òkú wà. Ti Mincho wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì kù láyé, nítorí omi ti ba èyí tó wà nílé jẹ́.

Ìríra gbáà ni kọ̀ǹpútà yẹn. Gatyo kì í yé jẹ kóró òdòdó-oòrùn, orí ẹ̀rọ ló ń tu èèpo sí. Itọ́ á pò mọ́ eruku, irun ológbò ṣọ́ọ̀bù á dì mọ́ fáànù inú rẹ̀. Rada ló ń nù ún lójoojúmọ́.

Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ooru. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, á ké, á sì pa á. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ Gatyo ni wọ́n fi í sí. Bí Rada tàbí Zlatka, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá wọlé sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú orúkọ tiwọn, ètò náà á sùn.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo wa," ni Rada wí. "Àbí ìgbà tiyín nìkan ló ń gbóná?"

"Àǹtí Rada, ẹ ò ní pa mí. Lyuben tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń bọ̀ lọ́la, á ṣe é."

Vienna ni wọ́n ti tọ́ Lyuben dàgbà. Ó tún ẹ̀rọ ṣe tán, ó bi Gatyo pé, "Ṣé kí ètò yìí máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni yòówù kó wọlé?"

Kóró kún ẹnu Gatyo bámú, kò sì fẹ́ tu ú. Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ará Vratsa ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lyuben rò pé rárá ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Vienna. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

"Ṣé ó ti ṣe é?" Rada béèrè láti ibi tó ti ń fọ ife.

"Ó ti ṣe é." Èèpo kan fò láti ẹnu Gatyo, ó lẹ̀ mọ́ Rada lápá.

Nínú ooru oṣù kẹjọ, Zlatka wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ètò náà kò ké. Òórùn irun ológbò tó jóná ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ti jóná. Kò sí fọ́tò kan tó ṣẹ́kù.

Rada pe Lyuben lórí fóònù. "Ọ̀gá ló ní rárá," ni Lyuben wí. "Ó mi orí."

Rada gbé fóònù sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan péré, Gatyo. Ẹnu ẹ ò lè tu kóró kó sọ ọ̀rọ̀ kan." Kò pè é ní ọ̀gá mọ́ látọjọ́ náà. Lọ́dún yẹn, orúkọ lásán ni wọ́n lẹ̀ fún Mincho.

Lọ́jọ́ tí Gatyo kú, ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù wá kí Rada lè yan fọ́tò kan nínú rẹ̀ fún ìkéde. Rada wò wọ́n títí. Kò sí èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gatyo kò wú nínú rẹ̀, tí èèpo kò lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí èyí tó sàn díẹ̀?" ìyàwó béèrè.

"Ó ti jóná, bíi ti Mincho," ni Rada wí. Ó tẹ ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.