Jíìpù Tí A Kò Lè Ná

Ní Jọ́ọ̀sì tí mo ti dàgbà sí yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa jiyàn nípa ọkọ̀, èyí tó lágbára àti èyí tó dára jù, wọn á sì ní kí ìyá àgbà dá sí i. N kì í dá sí i. Jíìpù kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dáadáa láyé mi. Àwọ̀ ewé ni, kò ní ìlẹ̀kùn, Ìfọ́n ni mo sì ti pàdé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pè mí ní ìyàwó tuntun.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí, Ìlobù ni mo sì ti lọ́kọ. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra rárá. Bí o bá gbé àgbàdo kaná ní Ìfọ́n, wàá ti dé Ìlobù kó tó jinná. Jàlálù lorúkọ ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í. N kò pe orúkọ yẹn sí i létí rí nígbà ayé rẹ̀. Inú ìwé yìí ni mo ti kọ́kọ́ pè é.

Iṣu ni Jàlálù ń gbìn. Òdìkejì odò ni abà rẹ̀ wà, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, kò sí lọ́rì tó jẹ́ débẹ̀. Orí la fi ń ru iṣu jáde sí títì. Èyí tí orí kò bá rù tán, abà ló ń jẹrà sí. Ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbé mi wọlé, ó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ni Jàlálù bá sọ fún mi pé òun ti bá àwọn kan ṣe àdéhùn: bí iṣu tuntun bá jáde tí òun kò tíì rí ọkọ̀ tó lè la odò yẹn kọjá, òun á bá wọn lọ wá owó ní Góòlù Kósìtì. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyàwó kan wà ní agbo ilé wa tí ọkọ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri, kò tíì rí ojú bàbá rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni àbúrò mi Ọlábánjí gbé jíìpù dé sí ilé wa ní Ìfọ́n. Àwọn ṣọ́jà ló kọ́kọ́ lò ó nígbà ogun Hítílà, lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń gé gẹdú nínú igbó Oǹdó. Dẹ́rẹ́bà òyìnbó náà ni Ọlábánjí. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó tà á fún un. Ọlábánjí fẹ́ tún un tà, kó lè fi owó rẹ̀ kún owó lọ́rì.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n Jàlálù fajú ro. Ó ní báwo ni òun ṣe máa ná ọjà lọ́wọ́ àna? Òótọ́ sì ni. Iye tí àna bá pè ni èèyàn ń san, tí á tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ló bá lọ bẹ Yésúfù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi tí n kò gbọ́dọ̀ pe ará ilé ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ ọkọ lórúkọ, Dínkù ni mo sọ Yésúfù, nítorí kò sí ohun tí wọ́n pè fún un rí tí kò ní kí wọ́n dín in kù, títí dé orí iyọ̀ kọ́bọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé Dínkù á lọ bí ẹni pé òun ló fẹ́ rà á, èmi á tẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá mi, Jàlálù á sì jókòó sílé.

Dínkù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yí jíìpù náà po láìsọ̀rọ̀. Ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó mirí. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ títí, nígbà tó sì dìde, ó fi ohùn tútù kí Ọlábánjí kú ìrọ́jú.

"Ta ló kú sínú rẹ̀?" ló bi í.

Ọlábánjí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Igi tó tóbi ju ilé yìí lọ ló ń wọ́ nínú igbó."

"Ìyẹn ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ọlábánjí pe ọgọ́fà pọ́ùn. Dínkù ní ọgọ́ta, ó ní ìyẹn náà, àánú ló ṣe òun. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀. Dínkù ti ṣe bí ẹni tó ń lọ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ọlábánjí sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọgọ́rin, nígbà tí a gbọ́ aago kẹ̀kẹ́.

Jàlálù ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ṣe ni òun fẹ́ gba ojú ọ̀nà kọjá kí òun sì yọjú wò ó. Ṣùgbọ́n bí ojú òun àti ti Ọlábánjí ṣe ṣe mẹ́rin, kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì na gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú àbúrò mi, tí ọkọ mi fi ọdún púpọ̀ jù lọ.

Dínkù káwọ́ lérí.

Ìyá mi jáde síta. Ó wo Dínkù, ó wo èmi, ó wo ọkọ mi tó wà nílẹ̀, ó bi wá bóyá àna òun ló fẹ́ ra ọkọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ fún un. Ló bá yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Bánjí, ọmọ mi ló máa jókòó sínú rẹ̀. Sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é."

N kò rí ọjà tó dorí kodò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu tí àbúrò mi fi ń yin jíìpù náà ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí rẹ̀. Ó ní irin abẹ́ rẹ̀ ti kán rí, iná ni wọ́n fi jó o pọ̀. Ó ní táǹkì epo ń jò, ọṣẹ ni òun fi dí i. Ó ní bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ṣe ló ń ya sọ́wọ́ òsì. Jàlálù sì ń dáhùn lórí ìkúnlẹ̀ pé ó dára bẹ́ẹ̀, àna òun, ọwọ́ òsì náà ni oko àwọn wà.

Dínkù ní kí wọ́n jọ̀wọ́, àbùkù kọ̀ọ̀kan tó ń jáde yìí, owó ni. Jàlálù ní kó panu dé, pé àna òun ni àna tirẹ̀ náà.

Ọlábánjí ní ohunkóhun tí àna òun bá mú wá ni òun á gbà. Jàlálù ní ká má rí i, ọgọ́fà tí wọ́n kọ́kọ́ pè náà ni òun á san. Mo mọ ibi tí owó ọkọ mi wà, ọgọ́fà kò sí níbẹ̀. Góòlù Kósìtì ni ìyókù á ti wá. Ọlábánjí ní kó mú àádọ́rin wá. Jàlálù ní rárá, ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Ọlábánjí ní ọgọ́ta. Jàlálù padà sí ọgọ́fà. Ẹni tó ń tà ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń rà ń gòkè. Dínkù jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ní ayé ti parí.

Èmi nìkan ni mo jẹ́ ọmọ níbí tí mo jẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọkọ mi.

"Ẹ jẹ́ kí èmi rà á," ni mo wí.

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dìde, mo sọ fún Ọlábánjí pé kó gbé e dé odò, pé bí kò bá lè gòkè lọ́hùn-ún, bó tiẹ̀ fi ta mí lọ́rẹ, n kò ní gbà á.

Ìyá mi jókòó síwájú, èmi àti Dínkù wà lẹ́yìn. Jàlálù kò lè bá ìyá ìyàwó fara kanra nínú ọkọ̀, ló bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn wa, tòun ti ẹrẹ̀ láyà. Nígbà tí a dé odò, Ọlábánjí fa irin kékeré kan tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fà, ó sì ki orí jíìpù bọ omi. Omi wọlé níbi tó yẹ kí ìlẹ̀kùn wà. Ìyá mi gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń ké láìláhà. Ní àárín odò, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọkọ mi nínú omi tó gbé kẹ̀kẹ́ lérí, tí kò mí. Nígbà náà ni táyà kan nǹkan, jíìpù gbọn ara rẹ̀, ó sì gòkè bí màlúù tó rí koríko.

Etí odò yẹn ni mo ti ná an.

"Ọgọ́ta," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ná mi dé ọgọ́rin tẹ́lẹ̀."

"Ìyẹn ni kí o tó dárúkọ ọṣẹ."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Dínkù nà ró bí ẹni tí wọ́n jí dìde, ó ń sọ lẹ́yìn mi pé ìyàwó, ẹ dín in kù sí i. Jàlálù kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo omi bí ẹni tí kò bá wa wá. A parí rẹ̀ sí ọgọ́ta lé márùn-ún, Ọlábánjí á sì kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Jàlálù ka owó sí mi lọ́wọ́, èmi ni mo kà á fún àbúrò mi, kò sì sí ẹni tó ná àna rẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, àwọn tó ń lọ sí Góòlù Kósìtì wá kan ìlẹ̀kùn wa láfẹ̀mọ́jú, pẹ̀lú ẹrù lérí. Wọ́n ní Jàlálù ńkọ́? Mo ní ó ti wa ọkọ̀ lọ sóko. Wọ́n ní àwọn á dúró dè é. Mo ní kí wọ́n má dúró. Mo di iṣu sísun fún wọn kí wọ́n máa rí jẹ lọ́nà, mo sì sìn wọ́n dé títì.