Irin Tí Mo Jù Sórí Òkè Àbúrò Mi

Mi ò ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: mo jowú àbúrò mi. Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, èmi náà ni mo mú un wá síbi iṣẹ́, tí mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan sórí ilẹ̀ tó le. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ, òkè tiẹ̀ ti tutù ju tèmi lọ.

Iṣẹ́ wa ni kí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú lè tún hu nǹkan. Nígbà tí àwọn awakùsà kó ẹrù wọn lọ, òkìtì dúdú méjì tó ga bí òkè ni wọ́n fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa da erùpẹ̀ pupa lé òkìtì náà lórí, wọ́n fún mi ní ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n fún àbúrò mi ní èkejì. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá tèmi jà. Mo bu ajílẹ̀ sí i, mo pọnmi sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u. Ibi tó bá wù ú ló ń hù. Tàbúrò mi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ló fọ́n irúgbìn, koríko ti bolẹ̀! Àwọn òṣìṣẹ́ ń pe òun ní Ọlọ́wọ́ Òjò. Wọ́n ń pe èmi ní Ìyá Òkúta. Ẹ gbọ́ o! Ìyá Òkúta!

Ìyá wa gan-an, bí mo bá lọ kí wọn, àbúrò mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. "Òkè ẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹyẹ ti ń yé síbẹ̀." Màmá, èmi ni mo jókòó síwájú yín yìí! Mi ò sọ ọ́ jáde o. Mo kàn kó abọ́ lọ fọ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá wa ní àkókò àyẹ̀wò ti tó. Irin onígun mẹ́rin kan la fi ń ṣe é, ó dà bíi férémù fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Wàá kọ ẹ̀yìn, wàá ju irin náà gba orí èjìká. Ibi tó bá bọ́ sí, wàá wo bí ewé ṣe bo ilẹ̀ inú rẹ̀ tó, wàá kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún ìgbà lo máa jù ú. Bí ewé bá bo ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, òkè yege. Òfin kan ló wà tó ju gbogbo ẹ̀ lọ: o ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kó má baà jẹ́ pé ìwọ lo yan ibi tó máa bọ́ sí.

Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọn òkè ara rẹ̀, kí n lọ wọn tàbúrò mi, kí òun náà wá wọn tèmi. Wọ́n tún ní lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀kan ṣoṣo nínú wa ló máa jẹ́ aṣáájú, ẹnì kejì á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò sọ bí wọ́n ṣe máa yan ẹni náà, èmi náà ò sì bèèrè. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Ẹni tí òkè ẹ̀ bá yege ni, àbí? Kí n wá máa gbàṣẹ lẹ́nu ọmọ tí mo nu imú fún? Láéláé!

Mo gun òkè rẹ̀ láàárọ̀. Háà, ó dára. Koríko dé orúnkún mi, àwọn igi kéékèèké ń mì lẹ́lẹ́, labalábá ń fò kiri bí ẹni pé ibẹ̀ ni bàbá wọn kọ́lé sí. Inú mi ń jó bí iná. Mo wá ibi tó ṣófo títí, mẹ́ta péré ni mo rí, níbi tí àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ lọ. Mo wẹ̀yìn, mo ju irin. Ó bọ́ sójú ilẹ̀ gbígbẹ. Mo kọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ibi mẹ́ta yẹn náà ni mo ń jù ú sí, mo kàn ń jù ú sínú koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ̀gá má baà fura. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ tán, méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá pè wá sí ọ́fíìsì. Tèmi gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Tàbúrò mi ò yege. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oríire," ọ̀gá sọ fún mi. "Òkè yín ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, a máa dá a padà fún àwọn tó nilẹ̀. Èyí tí kò tíì yege ló ṣì nílò aṣáájú fún ọdún mẹ́ta sí i. Ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbúrò yín níbẹ̀."

Àfọwọ́fà ni tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé náà, àbúrò mi kó ogún ọmọ igi wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá dúdú. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni ọ̀gá mi báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ibi tó ṣófo tẹ́ ẹ rí hàn mí, ká gbin nǹkan síbẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Mo fi ọ̀kan hàn án. Mo fi èkejì hàn án, mo fi ẹ̀kẹta hàn án. Ó gbin igi mẹ́ta, ó nàró, ó nuwọ́ mọ́ṣọ, ó ń retí ìyókù.

"Ó tán," mo ní.

"Ó tán kẹ̀?" Ó wo òkè yíká, ó wá wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wẹ̀yìn ni?"

Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. "Mo wẹ̀yìn."

Mo ń retí kó bú mi. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sínú koríko.

"Èmi náà wẹ̀yìn," ó ní. "Ibi tí ewé wà lórí òkè yín ni mo ń wá kiri. Mo mọ ìyà tẹ́ ẹ jẹ lórí ẹ̀. Mo fẹ́ kó yege fún yín ni."

Ó bú sẹ́kún, mo dì mọ́ ọn, mo ní kó má bínú, mo sì ń sunkún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò sọ fún un nìyí: bó ṣe ń sunkún sí mi láyà yẹn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, àṣé òkè tèmi ò tiẹ̀ yege.