Ìparí Ìtàn Tí Ó Wọ Ọkọ̀ Lọ

Inú àpò aṣọ ni alágbàfọ̀ náà ti máa ń rí ìtàn. Bí ó bá ń yẹ aṣọ àwọn oníbàárà wò kí ó tó rẹ wọ́n sómi, ó lè bá kọ́kọ́rọ́ pàdé, tàbí òdòdó gbígbẹ. Yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó gbé e débẹ̀. Ìdáhùn tí ó bá rí ni ó ń kọ sílẹ̀ kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó jẹ́ káfíńtà, ni ó mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Òfin kan ni wọn kì í fi ṣeré níbẹ̀: òǹkọ̀wé kì í ka iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò kà á, òun yóò sì panu mọ́ títí ìjókòó yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Bàbá Olùkọ́, alága wọn, ní bí ìtàn bá lẹ́sẹ̀, kí ó dá rìn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, òǹtẹ̀wé kan wá bá wọn jókòó. Ìtàn kan ṣoṣo ni ó kù kí ìwé tí ó fẹ́ tẹ̀ jáde pé, inú èyí tí wọ́n bá kà lọ́jọ́ náà ni yóò sì ti mú un.

Káfíńtà ni iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin kan ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan náà wá fún fífọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì náà kò dọ̀tí rí. Káfíńtà kà á dé ibi tí alágbàfọ̀ inú ìtàn ti tẹ̀lé e délé, tí ó sì kanlẹ̀kùn. Ó wo ẹ̀yìn ìwé, kò rí nǹkan.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?" ni Bàbá Olùkọ́ béèrè.

"Bàbá, kò sí níbí. Ó jọ pé ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Páálí tí ó máa ń kì sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀, kí ó lè dúró ṣánṣán, ti tán lówùúrọ̀. Ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ bà lórí tábìlì ni ó kì sí ti oníbàárà kan tí ọkọ̀ ń dúró dè; ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ìtàn náà ni.

"Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn," ni aránṣọ kan wí.

"Ìyàwó wo? Tó bá níyàwó, kí ló ń wá lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Bọ̀dá Káfíńtà, ó hàn pé ẹ ò tíì fẹ́yàwó."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan mirí. "Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

Òǹtẹ̀wé ti ń pa báàgì rẹ̀ dé. "Mi ò lè tẹ ìtàn tí kò níparí."

Bàbá Olùkọ́ wò yíká. "Òfin ní kí òǹkọ̀wé dákẹ́ títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán. A ti sọ tiwa tán. Ẹni tó ni ín, dìde."

Alágbàfọ̀ dìde. Nínú ìparí tí ó ti kọ, ọkùnrin náà ti kó lọ, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Bí ó ti gbọ́ àríyànjiyàn wọn, ó mọ̀ pé ìbẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà ni ó mú òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn," ni ó wí. "Ó ní, 'Ọmọ mi ló ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Kò tíì ti àjò dé. Mi ò fẹ́ kó bá a ní híhunjọ.' Alágbàfọ̀ ní kó gbé tábìlì wá, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà kò gbé e wá mọ́. Ṣùgbọ́n kò yéé wá."

Òǹtẹ̀wé tún báàgì rẹ̀ ṣí.

"Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, èmi yóò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ wo ni kí n fi sí i?"

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà," ni káfíńtà dá a lóhùn. "Àbúrò mi ni."

Aránṣọ na ìwé sí alágbàfọ̀, nọ́ọ̀sì na bírò. Bàbá Olùkọ́, tí kì í yin ènìyàn, dìde lórí àga alága, ó sì fà á sẹ́yìn fún un kí ó jókòó kọ̀wé.